Ọ̀rọ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Sọ Jáde

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Parakou níbí, àbúrò mi gbé ìwé wá bá mi. Ó ń múra sílẹ̀ fún Tage Mage, ìdánwò tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣòwò ilẹ̀ Faransé fi ń yan akẹ́kọ̀ọ́. Irú ìbéèrè kan ló ń dà á láàmú: wọ́n á kọ ẹ̀rí, wọ́n á kọ ìparí ọ̀rọ̀, wọ́n á wá ní kó wá ohun tí òǹkọ̀wé gbà láìsọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ rí ohun tí wọn ò kọ?"

Mo rán an létí ẹnubodè Malanville, láàárín Benin àti Niger. Àwọn ológun gba ìjọba ní Niger ní July 26, 2023, ECOWAS sì ní kí wọ́n ti ẹnubodè. Nígbà tí wọ́n ká àṣẹ náà kúrò ní February 24, 2024, tí Benin ṣí apá tirẹ̀, èmi náà wà lára àwọn tó ń sọ pé: "Wọ́n ti ṣí ẹnubodè, ọkọ̀ akẹ́rù á kọjá." Niger ò ṣí tiwọn. Ẹsẹ̀ afárá Odò Ọya kan wà ní Malanville, èkejì wà ní Gaya, lápá Niger. A ka ọ̀kan, a gbàgbé èkejì.

Ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀ ni pé kéèyàn yí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ní kó yàn nínú rẹ̀ sí òdì. "Niger náà á ṣí": sọ pé wọn ò ní ṣí, gbogbo ọ̀rọ̀ wó. Òpó tó gbé ọ̀rọ̀ náà dúró nìyẹn. "Ọkọ̀ tó ń dúró pọ̀": sọ pé wọn ò pọ̀, díẹ̀ tó wà ṣì lè kọjá. Ìyẹn kì í ṣe òpó.

Kì í ṣe tìtorí máàkì nìkan ni mo ṣe jókòó tì í di òru. Ní àwọn abúlé kan ní Borgou wa yìí, bí eyín òkè ọmọ bá ṣáájú tìsàlẹ̀ hù, àwọn kan á ní àjẹ́ ni. Eyín yìí ti gba ẹ̀mí ọmọ rí. Àwa Yorùbá náà ní tiwa: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? "Ta ni kò mọ̀" yẹn ni wọ́n fi ń bo ohun tí wọn ò sọ jáde.

Àbúrò mi kọ ọ̀rọ̀ eyín náà bí ìbéèrè ìdánwò: ẹ̀rí, eyín, ìparí, àjẹ́. Ó fi àlàfo sáàárín. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Eyín tó kọ́kọ́ hù ló ń sọ irú ẹni tí ọmọ jẹ́." Ó kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé pẹ́ńsù kalẹ̀.