Ibi Tí Ẹrù Táyà Ń Lọ

Abẹ́ ìdí ni ilé iṣẹ́ so sípíà táyà Toyota 4Runner mọ́. Ṣéènì kan ló gbé e dání. Bí èèyàn bá fẹ́ lò ó, á ki irin gbọọrọ bọ ihò kan lẹ́yìn ọkọ̀, á máa yí i títí táyà yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Fún ẹni tí kì í kúrò lórí ọ̀nà ọ̀dà, ètò yẹn dáa. Ṣùgbọ́n èmi ń ná ọ̀nà oko ní Òkè-Ògùn, lẹ́yìn Ìgbòho, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ẹrẹ̀ a dì mọ́ ṣéènì náà, a dípẹtà, òkúta a sì máa họ táyà tí a ò tíì lò rí. Lọ́jọ́ tí táyà bá wá jò nínú ẹrọ̀fọ̀, ìdí ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀ nìyẹn, àfi kí èèyàn dùbúlẹ̀ gbalaja kó máa nawọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì gbé dúró lórí ilẹ̀ rírọ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí jáàkì yọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹnìkan lọ́wọ́. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá bí táyà yẹn yóò ṣe kúrò lábẹ́ jíìpù mi.

Àwọn ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ara ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni wọ́n gbé sípíà kọ́, bíi Pajero àti Prado àtijọ́. Ẹ̀gbẹ́ ni ilẹ̀kùn wọn ń ṣí sí. Síbẹ̀, ẹ wo èyí tó ti pẹ́ lójú ọ̀nà wa nínú wọn: kí ilẹ̀kùn tó padé, ẹni tó ń tì í á kọ́kọ́ gbé e sókè díẹ̀, nítorí hínjì ti ro wálẹ̀. Ti 4Runner tí mo ní, irú èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1996 sí 2002, òkè ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sí, gíláàsì rẹ̀ sì máa ń wọlé sínú ilẹ̀kùn ọ̀hún. Kò sí ibi tí a fẹ́ gbé táyà kọ́ lára rẹ̀. Apá irin tí yóò dúró lórí ṣásí, tí yóò sì máa ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́, nìkan ló kù.

Bàbá wẹ́dà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá n'Ìbàdàn kò fọwọ́ kan irin lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó yí ẹ̀yìn ọkọ̀ po, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà láti ibi tí táyà yóò wà lọ sí ibi tí ṣásí parí sí.

Mo ní, "Bàbá, ṣé bọ́ńpà yìí ò lè gbé e ni?"

"Ẹ gbọ́, ọ̀gá, bọ́ńpà yẹn ò gbé nǹkan kan. Ẹ̀ṣọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ẹrù táyà ń lọ ná."

Gbogbo iṣẹ́ náà ló wà nínú gbólóhùn yẹn. Táyà 265/70 R16 pẹ̀lú rímù irin rẹ̀ tó nǹkan bí kílò 30. Ìyẹn kò pọ̀ fún ọkọ̀. Bí ó ṣe jìnnà sí ohun tó gbé e dání ló ń sọ ọ́ di ńlá. Ẹni tó gbá garawa omi mọ́ àyà lè rìn jìnnà. Kó na apá méjèèjì síwájú kó tún gbé e, kò ní í rìn dé ẹnu ọ̀nà. Bí apá irin náà bá sì ṣí tán, tàbí bí ọkọ̀ bá já sí kòtò, hínjì kan ṣoṣo ni gbogbo agbára yẹn ń fà.

Nítorí náà ni Bàbá ṣe kọ hínjì géètì tí mo mú wá. Ó rán mi lọ sí Aráròmí, lágbègbè Géètì, pé kí n wá họ́ọ̀bù iwájú Peugeot 504 pẹ̀lú ọ̀pá tó ń yí lé lórí. Àjákù 504 kò ṣòro rí nílùú yìí. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ yẹn sì fi gbé wa kiri. Béárìnì méjì ló wà nínú họ́ọ̀bù náà, wọ́n sóńsó lápá kan, wọ́n kọjú síra. Nínú ọkọ̀, ọ̀pá yẹn dùbúlẹ̀ ni. Àwa gbé e nàró, kí béárìnì ìsàlẹ̀ lè ru ẹrù, kí òun àti ti òkè sì jọ di apá mú kó má tẹ̀.

Jíjó ọ̀pá ọ̀hún mọ́ páìpù onígun mẹ́rin tí yóò wà lára ṣásí ni mo fẹ́ràn jù lọ láti wò. Irin ọ̀pá yẹn le ju ti páìpù lọ. Bí a bá jó o ní tútù, ẹ̀gbẹ́ ojú jíjó a sán nígbà tó bá ń tutù. Bàbá fi iná gáàsì yá a lára yípo, ó ń ta omi sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ́tí sí bó ṣe ń hó. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó mú ẹlẹ́tíródù 7018 tó ti sá gbẹ, ó jó díẹ̀ níhìn-ín, ó bọ́ sí òdìkejì, kí irin má bàa wọ́. Bó ṣe parí, ó ri ibẹ̀ mọ́ inú eérú títí di ọjọ́ kejì. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ da omi lé e kí iṣẹ́ lè yá. Bàbá gba ike omi náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ṣásí, a ò jó o rárá. Bóòtù la fi de páìpù náà mọ́ ọn, pẹ̀lú àwo irin nípọn lẹ́yìn, torí iná máa ń ba agbára ṣásí jẹ́, táǹkì epo kò sì jìnnà.

Ní ìkángun kejì, a ṣe ìjókòó onígẹ̀rẹ́. Bí apá bá ń padé, á gun orí rẹ̀, á gòkè díẹ̀, á jókòó lé rọ́bà tí a gé lára táyà àlòkù. Báyìí, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló jọ ń ru ẹrù, kò sì sí ariwo. Píìnì kan tún wà tó ń di apá náà mú nígbà tó bá ṣí, nítorí ọkọ̀ tó dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lè tì í lu ọmọ ẹni. A gbé nọ́ńbà ọkọ̀ àti iná rẹ̀ bọ́ sára apá náà, kí táyà má bo wọ́n.

Lẹ́yìn tí òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀ sí i, a ṣí ìdérí họ́ọ̀bù, a fi gírísì kún un, a fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ mọ́ díẹ̀ nítorí béárìnì ti jókòó dáadáa. Títí di òní, ọwọ́ kan ni mo fi ń tì í pa.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ní jíìpù rí i lára tèmi, ó ní òun náà fẹ́, ó sì fẹ́ kó parí kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Mo mú un dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Hínjì géètì wà lọ́wọ́ òun náà. Bàbá wò ó, ó dá a padà fún un, ó ní kó máa lọ sí Aráròmí. Bó bá ti rí họ́ọ̀bù 504 tí béárìnì rẹ̀ kò tíì jẹ, kó padà wá, àwọn á bẹ̀rẹ̀.