Maṣíìnì Ìyá Wa Ṣeé Fi Dógò

Owó ọjà ló rán àwa mẹ́ta tí a jọ kọ àpilẹ̀kọ yìí wá sí yunifásítì. Ìyá ọ̀kan nínú wa ń ránṣọ, bàbá ẹnì kejì ń sin adìyẹ, ìyá ẹnì kẹta sì ń ta epo pupa. Bí owó iléèwé bá ti tó san, ibì kan náà ni gbogbo wọn ń gbà lọ: ọ̀dọ̀ ẹni tó ń yáni lówó. Nígbà tí olùkọ́ wa kan wá mẹ́nu ba òfin ìjọba àpapọ̀ kan lórí owó yíyá fún oníṣòwò kéékèèké, a kò lè gbọ́ ọ ká má wá a kà. Ohun tí a rí nínú rẹ̀ la fẹ́ bá yín sọ, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti jáde tí ẹ ń wá owó dá iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí nǹkan ṣe rí. Ìyá wa tó ń ránṣọ ní maṣíìnì mẹ́ta àti jẹnẹrétọ̀ kan. Iléèwé méjì ló ń rán aṣọ fún, wọ́n sì máa ń jẹ ẹ́ lówó títí di ìparí táàmù. Nígbà tó fẹ́ yáwó ra maṣíìnì oníná, báńkì tó lọ kò bi í léèrè ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí. Ìwé ilé ni wọ́n ní kó mú wá, pẹ̀lú onídùúró méjì tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ilé tí wọ́n ń gbé, ilé ẹbí ni. Bàbá àgbà ló kọ́ ọ. Kò sí ẹnì kan tó lè dá fi dógò.

Kì í ṣe ìyá wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹni tó ní C of O pàápàá ní láti gba ìyọ̀ǹda gómìnà kó tó lè fi ilé rẹ̀ dógò. Mélòó nínú àwọn òbí wa ló tilẹ̀ ní ìwé yẹn? Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bọ́ sọ́wọ́ owó tí àwọn ọlọ́jà ti sọ lórúkọ: gbọ́mú-lé-láńtà. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń san án. Bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ kò bá rí tirẹ̀ mú wá, gbogbo ẹgbẹ́ á jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2017, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tó jẹ́ adelé ààrẹ nígbà náà, bu ọwọ́ lu òfin kan tó ń jẹ́ Secured Transactions in Movable Assets Act. Orúkọ gígùn yẹn lè dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n ohun tó sọ kò le: ohun tó ṣeé gbé, tàbí tó lè rìn, ṣeé fi dógò. Maṣíìnì wà níbẹ̀, ọkọ̀ wà níbẹ̀, ọjà inú ìsọ̀, irè oko, adìyẹ àti ewúrẹ́. Owó tí oníbàárà jẹ èèyàn náà wà níbẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé gbèsè aṣọ tí iléèwé méjèèjì jẹ ìyá wa, dúkìá ni lójú òfin.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹni tó fẹ́ yáwó àti ẹni tó fẹ́ yá a á jọ kọ ìwé àdéhùn. Ayánilówó á wá fi nǹkan náà sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú àkọsílẹ̀ kan tó wà lábẹ́ Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà. Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ gba maṣíìnì kan náà ní ìdógò, á yẹ àkọsílẹ̀ wò, á sì rí i pé ẹnì kan ti wà lórí rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ló wà níwájú. Ní gbogbo àsìkò yìí, maṣíìnì kò kúrò nínú ìsọ̀. Òun ni ìyá wa á máa fi ránṣọ, òun ni yóò fi san gbèsè.

Ibi tí òfin yìí ti wọ̀ wá lọ́kàn nìyẹn. Àwọn baba wa mọ ìdógò dáadáa. Samuel Johnson ṣàlàyé ètò ìwọ̀fà nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1921: ẹni tó yáwó á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ló dúró fún èlé, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi san ojú owó pé. Èèyàn ni wọ́n ń fi dógò. Tí a bá wo obìnrin tí wọ́n dá jókòó di alẹ́ nítorí gbèsè aládùúgbò rẹ̀, ṣé a lè sọ pé ohun tó fi dógò yàtọ̀ púpọ̀? Ara rẹ̀ ni, iyì rẹ̀ láàárín ọjà ni. Òfin ọdún 2017 ní kí maṣíìnì dúró dípò èèyàn.

Ṣùgbọ́n ẹnu àwa mẹ́ta kò tètè kò lórí rẹ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń sin adìyẹ ní, “Bí àrùn bá wọ ilé adìyẹ ńkọ́? Wọ́n á kó kéèjì lọ, kí la ó wá fi bẹ̀rẹ̀?” Òótọ́ ni. Ìdógò kì í ṣe ẹ̀bùn. Bí a kò bá san, olówó lẹ́tọ̀ọ́ láti kó o. Èlé náà sì ń bẹ níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé ìwọ̀n èlé tirẹ̀ dé 27.5%, orí ìyẹn sì ni àwọn báńkì ń lé tiwọn. Òfin tó ṣílẹ̀kùn fún maṣíìnì kò dín èlé kù. Ibi tí a fẹnu kò sí ni pé owó tí maṣíìnì náà lè pa padà nìkan ló yẹ kéèyàn tìtorí rẹ̀ fi maṣíìnì dógò. Kì í ṣe owó aṣọ ẹbí. Kì í tilẹ̀ ṣe owó iléèwé tiwa.

Owó iléèwé ní òfin tirẹ̀, ẹ̀kọ́ sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú bu ọwọ́ lu òfin owó ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ó béèrè onídùúró, ó sì yọ ọmọ tí owó tó ń wọlé fún ẹbí rẹ̀ bá ju ₦500,000 lọ lọ́dún kúrò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ké pé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ há jù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n fi òfin tuntun rọ́pò rẹ̀, méjèèjì sì kúrò níbẹ̀. Kò pé ọdún kan.

Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ la ń béèrè fún àwọn ìyá wa. Kí àwọn aṣòfin ní kí báńkì tó bá kọ̀ láti yá oníṣòwò kékeré lówó kọ ìdí tí kò fi gba dúkìá inú ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n sì ṣàlàyé òfin náà ní Yorùbá, Ìgbò àti Háúsá, kí ó dé ọjà. Òfin tí ẹni tí wọ́n ṣe é fún kò gbọ́ nípa rẹ̀, inú ìwé ló ń gbé.

Kó tó di ìgbà yẹn, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wa. Bí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi, ẹ jókòó ti àwọn òbí yín, ẹ jọ ka ohun tó wà nínú ìsọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára maṣíìnì sílẹ̀, ẹ wá rìsíìtì rẹ̀, ẹ kọ orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó àti iye tó jẹ́. Bí wọ́n bá wá dé báńkì, kí wọ́n béèrè bóyá ibẹ̀ ń gba dúkìá tó ṣeé gbé. Bí òṣìṣẹ́ báńkì bá ní òun kò gbọ́ ọ rí, kí wọ́n dárúkọ òfin náà fún un, pẹ̀lú ọdún rẹ̀.