Bí mo ṣe ṣépè fún ọmọ ọdún 12

Ẹ gbọ́ ná. Tí ẹ ò bá tíì wo Attack on Titan parí, ẹ yáa sá kúrò níbí, torí mo fẹ́ tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀. Ẹ má wá bú mi tó bá yá o.

Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò.

Ní oṣù kìíní ọdún 2021, nígbà tí Gabi yìnbọn pa Sasha, inú bí mi débi pé mi ò rí oorun sùn. Sasha o! Ọmọ ọdẹ, ọ̀jẹun, ẹni tó dúró jẹ ọ̀dùnkún lójú ọ̀gá sójà láti 2013. Mo gbé fóònù, mo kọ ọ́ síbí pé kí òmìrán gbé ọmọ burúkú yẹn mì láàyè. Ó ṣì wà níbẹ̀, ẹ lọ wò ó. Àwọn kan nínú yín sọ pé “àmín”, ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹ ò rántí.

Ọmọ ọdún 12 ni Gabi.

Nígbà tí ìparí ẹ̀ pátápátá jáde ní oṣù kọkànlá 2023, mo ní kí n tún apá kẹrin wò látìbẹ̀rẹ̀ kí n tó wo ìparí ọ̀hún. Àbúrò mi obìnrin wá jókòó tì mí. Ọdún 12 lòun náà.

A dé ibi tí Eren ti di òmìrán ní Liberio, àdúgbò tí Marley há àwọn Eldia mọ́, tí wọn ò gbọ́dọ̀ jáde láìso àmì mọ́ apá. Òkúta wó pa Zofia níwájú Gabi. Èrò tó ń sá àsálà tẹ Udo mọ́lẹ̀, ó kú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè tí Gabi mọ̀ dáadáa, Sasha wa yìí kan náà ló yìnbọn pa wọ́n.

Àbúrò mi ní, “Àǹtí mi, ṣé ilé Gabi nìyí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Àwọn Eren ló wá bá wọn nílé?”

Mo ní kó fara balẹ̀, ṣebí Marley ló kọ́kọ́ rán àwọn Reiner lọ fọ́ odi ìlú Eren, tí òmìrán fi jẹ ìyá ẹ̀.

“Gabi ló rán wọn ni?”

Mo ní kó gbẹ́nu sóhùn-ún kó máa wo nǹkan tó ń wò. Torí mi ò ní èsì. Ohun tí mo wò ní 2021 náà nìyẹn o, ibi tí Eren ti ń gbẹ̀san ni mo ń wò nígbà yẹn. Ẹni ṣu ní í gbàgbé, ẹni kó kì í gbàgbé: mo mọ òwe yẹn dáadáa, àmọ́ ọ̀dọ̀ ẹni tó kó ni mo máa ń jókòó sí nígbà gbogbo. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ní Liberio, ìhà kejì ni mo wà.

Wọ́n ti kọ́ Gabi láti kékeré pé bìlísì ni àwọn ará erékùṣù Paradis. (Bìlísì ni mo máa pè é, kí àwọn oníṣẹ̀ṣe má bàa lé mi ní àdúgbò.) Ó wá bọ́ sílé àwọn bìlísì, wọ́n fún un lóúnjẹ. Kaya mú un lọ sí abúlé tí òmìrán ti jẹ ìyá òun láàyè. Gabi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ àwọn baba ńlá wọn. Kaya bi í pé ìyá tòun ńkọ́, kí ni ìyẹn ṣe? Ẹnu Gabi wọhò. Mi ò lè wo ojú àbúrò mi.

Ibi tó wá pa mí ni ilé oúnjẹ. Niccolo gbé ọ̀bẹ síwájú àwọn òbí Sasha, pé ọmọ tó pa ọmọ yín rèé. Bàbá Sasha gba ọ̀bẹ. Ọdẹ ni bàbá yìí o. Ó ní òun lòun kọ́ Sasha ní ọfà títa nínú igbó, Sasha sì kúrò nínú igbó, ó lọ sílùú onílùú, ó pa wọ́n, wọ́n pa á. Ó ní gbogbo ayé yìí, igbó náà ni, iṣẹ́ àgbà ni láti kó ọmọdé jáde níbẹ̀. Ó bá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Ní 2021, èmi ì bá ti gba ọ̀bẹ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Mo tiẹ̀ gbà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń jà lórí MAPPA àti Wit Studio, ẹ máa jà lọ, ọ̀rọ̀ yẹn ò dùn mí. Ramzi ló ń dùn mí. Ọmọ tí Eren ti rí tẹ́lẹ̀ pé òun máa tẹ̀ pa, tó kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀, tó ń sunkún, tó ń tọrọ àforíjì, tí ọmọ náà ò sì gbọ́ èdè ẹ̀. Ó ṣì padà tẹ̀ ẹ́ pa. Mi ò lè bá Eren wí àwíjàre mọ́ láti ibẹ̀, bí mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀ tó.

Ìparí dé. Orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ sí i ń kọjá lọ, mo ti ń wá tíṣù. Ilé gogoro ń yọ yí igi tí wọ́n sin Eren sí ká, ogun tún dé, bọ́ǹbù fọ́ gbogbo ẹ̀, igbó hù bò ó. Ọmọdé kan àti ajá ẹ̀ yọ, wọ́n rìn títí dé ìdí igi náà. Ihò ńlá wà lábẹ́ ẹ̀, bí irú èyí tí gbogbo wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ni àbúrò mi bá dìde fìrì níwájú tẹlifíṣàn. “Má wọ ibẹ̀ o! Ẹ jọ̀ọ́, ta ni màmá ọmọ yìí?”