Kí Ni Ó Ń Lé Ààfáà?

 

Àwọn àgbà ní àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán: bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí, òwe yìí ni wọ́n fi ń pa wá lẹ́rìn-ín ní Bódìjà láti bí ọdún kan sẹ́yìn. Àwa tí wọ́n mọ̀ mọ́ jalamíà àti tẹsùbáà ni wọ́n ń rí tí a wọ bàtà kánfáàsì, tí a ń sáré lójú títì lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó ń lé wa.

Iṣẹ́ kéwú, iṣẹ́ ìjókòó ni. Láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, orí ẹní ni a wà. Bí àwọn ọmọ tí ń lọ ilé-ìwé bá dé ní ìrọ̀lẹ́, a tún padà sórí ẹní. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ìsọmọlórúkọ, yìgì àti fídáù ni. Kò sí èyí tí wọn kì í ti í gbé àmàlà àti ẹran kalẹ̀ fún ààfáà, àwa náà kì í sì í fẹ́ kí olóde bínú.

Ọ̀rẹ́ wa kan, tí a jọ kéwú láti kékeré, ṣubú níbi tí ó ti ń ṣe alùwàlá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Apá ọ̀tún rẹ̀ rọ, ahọ́n rẹ̀ wúwo. Ẹni tí ń ka Àlùkùránì bí omi tí ń ṣàn kò lè ka Fátíhà já mọ́. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí Ọlọ́hun fi gbà á. Nígbà tí a lọ yẹ ara tiwa wò, dókítà mi orí. Ó ní, "Ààfáà, ẹ̀jẹ̀ tiyín náà ti ń ru. Ẹ óò lo oògùn, ẹ óò dín iyọ̀ kù, ẹ óò sì dìde lórí ẹní." Ó ṣàlàyé pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, rìn kánmọ́kánmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tàbí kí ó fi ìṣẹ́jú 75 sáré. Ó ní ẹran ni ọkàn, iṣẹ́ ni ó ń fún un lágbára.

Oògùn kò ṣòro láti gbé mì. Ìtìjú ni ó ṣòro.

Ní àkókò ìsinmi, ọmọ wa tí ó ń gbé Èkó mú wa lọ sí afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2013. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Omi wà nísàlẹ̀, atẹ́gùn tútù ń fẹ́, tọkùnrin tobìnrin sì ń sáré lọ, wọ́n ń sáré bọ̀. Bàbá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun ju tiwa lọ sáré kọjá. Ó sálámà sí wa, kò dúró. A wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi dé ìhà Ìkòyí. Ọjọ́ náà ni a ra kánfáàsì.

Bódìjà kò ní ọ̀sà. Ṣùgbọ́n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ tí ó dá àdúgbò náà sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950 la títì sí i, igi ńláńlá sì wà níbẹ̀ tí ẹyẹ ń ké lórí wọn láàárọ̀. A ó gba Awólọ́wọ̀, a ó yà sí Ọ̀ṣúntòkun, a ó gba ìhà Adéyí, a ó sì yípo padà sílé.

Ní ọjọ́ kẹta a gba ẹ̀gbẹ́ ọjà. Bí a ti rí Alhaja kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń kéwú lọ́dọ̀ wa, a sá sẹ́yìn pákó tí wọ́n tò. Ó ti rí wa. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Ààfáà wa. Ṣé kò sí o? Kí ni ó ń lé yín?" Díẹ̀ ni ó kù kí a purọ́ pé pákó ni a wá rà.

Kí ó tó di Jímọ̀, gbogbo jàmáà ti gbọ́. Bàbá kan pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Ààfáà, ẹ̀yin náà ni ẹ kọ́ wa pé Luqmán gba ọmọ rẹ̀ níyànjú kí ó máa rìn níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ẹ̀yin ni ẹ ní Ànábì kọ̀ kí a sáré wá bí wọ́n bá ti gbé ìrun dìde. Èwo wá ni ti eré?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára, nítorí pé àwa ni a kọ́ wọn lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kánfáàsì fi wà lábẹ́ ibùsùn.

Ní ọjọ́ kan, a ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ Ùmúrà. A sọ fún wọn pé ní ọdún keje Hijira, nígbà tí Ànábì àti àwọn sàhábé wọ Mẹ́kà, àwọn ọ̀ṣẹbọ ń sọ pé ibà Mẹ̀dínà ti sọ wọ́n di aláìlágbára. Ànábì pàṣẹ pé kí wọ́n máa sáré jẹ́jẹ́ nínú ìyípo mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n bá yí Káábà ká, kí wọ́n sì rìn ní mẹ́rin tí ó kù. Ramal ni Lárúbáwá ń pè é, àwọn ọkùnrin ṣì ń ṣe é di òní. Ọmọbìnrin kan nawọ́: "Ààfáà, ṣé àwọn àgbà náà sáré?" A ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Lẹ́yìn náà a dákẹ́. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí a ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí. A mọ̀ ọ́n lórí, a kò mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀.

A padà sọ́dọ̀ bàbá náà. A ní, "Bàbá, ìgbéraga nínú ìrìn ni Luqmán kọ̀. Ìkánjú sí ìrun ni Ànábì kọ̀, kí ọkàn lè balẹ̀. Wọn kò kọ eré ìlera. Ànábì fúnra rẹ̀ bá Àíṣà ìyàwó rẹ̀ sáré ìje. Àíṣà ṣáájú nígbà àkọ́kọ́, Ànábì ṣáájú nígbà kejì." Bàbá dákẹ́, ó wo ẹsẹ̀ wa. Ó ní, "Èló ni wọ́n ń ta kánfáàsì yìí?"

Ní báyìí, a ti di mẹ́rin. Bàbá kì í sáré, ó ń rìn. Ìyá àwọn ọmọ wa náà ń rìn nínú híjáàbù rẹ̀, ó sì máa ń yára ju bàbá lọ. Bí a bá dé tòsí ibi tí ohun abúgbàmù ti wó ilé, tí ó sì pa ènìyàn ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù January ọdún 2024, gbogbo wa a dẹ ẹsẹ̀, a ó ṣe àdúà fún àwọn tí ó kú. Wọn kò mọ̀ pé alẹ́ ọjọ́ náà ni. Àwa náà kò mọ tiwa. Eré kò lè sún ọjọ́ ikú síwájú. Ṣùgbọ́n àmánà ni ara, Olówó rẹ̀ yóò sì béèrè bí a ti lò ó.

A kò dá oògùn dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wa ti wálẹ̀, dókítà sì ti rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá rí bàbá tàbí ìyá yín tí ó ń gbìyànjú, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bá wọn rìn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi yín pé kí ni ó ń lé ààfáà, ẹ sọ fún un pé orí ẹní ni ó ń sá fún.

Ọlọ́hun Ọba yóò fún wa ní àlàáfíà tí a ó fi sìn Ín dé ọjọ́ alẹ́. Àmín.