Ọwọ́ Ló Fi Ń Dìde

Láti ìgbà tí eékún ti ń dà mí láàmú, ojú máa ń tì mí láti dìde níwájú èèyàn. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń ti àga kí ìdí mi tó kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi ní Texas, l'Amẹ́ríkà, ṣe ni mo máa ń dúró kí gbogbo wọn jáde tán kí n tó gbìyànjú.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ-ọmọ mi ká mi mọ́ ọn. Kò rẹ́rìn-ín o. Ó ní, "Bàbá àgbà, bí Quetzalcoatlus ṣe ń gbéra nìyẹn!"

Mo ní èwo tún nìyẹn, àrùn ni àbí èèyàn? Ó gbé ìwé rẹ̀ wá. Àṣé ẹranko afàyàfà kan tó ń fò ni, tí ìran rẹ̀ ti run láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn. Ní Texas yìí náà, ní Big Bend, ni akẹ́kọ̀ọ́ kan, Douglas Lawson, ti rí egungun apá rẹ̀ ní 1971. Awọ ni apá ọ̀hún, bíi ti àdán. Tó bá nà á tán, ó tó mítà 10. Wọ́n ṣírò pé ó wúwo tó kílò 200, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì 4!

Báwo ni irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ṣe ń kúrò nílẹ̀? Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń sọ pé àfi kó bẹ́ láti orí òkè, tàbí kó sáré dojú kọ atẹ́gùn. Ní 2008, Michael Habib fi agbára egungun wọn wéra. Ẹsẹ̀ ni ẹyẹ fi ń tọ sókè, ìdí nìyẹn tí egungun itan rẹ̀ fi lágbára. Ti àwọn wọ̀nyí yàtọ̀: egungun apá le ju ti itan lọ fíìfíì. Ó ní ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń rìn nílẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ fò, wọ́n á lóṣòó, ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ tì wọ́n, apá méjèèjì á wá fi gbogbo agbára ti ilẹ̀, ó di òkè! Àdán tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ní Gúúsù Amẹ́ríkà ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní. Àwọn kan ṣì ń bá a jiyàn, ṣùgbọ́n èmi ti gbà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí a jẹun tán, mi ò dúró de ẹnikẹ́ni. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé àga. Ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní ìdí tábìlì: "Ení, èjì, ẹ̀ta!"

Ìyá rẹ̀ ní, "Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

A ò dá a lóhùn.