Ìjàpá Tí Kì Í Gbà Bó Bá Gbóná

ÀKÀNNÍ: Délé, ìwọ tó o gbé Jámánì pẹ́, bá mi wo ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Ìjàpá mi. Láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló ń sítáàtì. Àmọ́ bí mo bá wà á dé Ìbàdàn, tí mo pa á kí n ra nǹkan, kò ní gbà mọ́. Mẹkáníìkì ní kí n pààrọ̀ kábúrétọ̀.

DÉLÉ: Ẹ má tíì náwó yẹn, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá pa á tí ẹ tún sítáàtì ẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ńkọ́?

ÀKÀNNÍ: Ó ń gbà. Bó bá sì tutù tán, ó ń gbà.

DÉLÉ: Ooru nìyẹn. Fáànù ló ń tu ẹ́ńjìnnì Ìjàpá lára, kò lómi. Ẹ pa á, fáànù dúró, irin ṣì gbóná janjan, ooru á wá máa gòkè sí kábúrétọ̀. Bẹntiróòlù kì í dúró de 100°C bí omi. Ní nǹkan bí 40°C, èyí tó fúyẹ́ nínú ẹ̀ ti ń hó. Á ṣàn wọ inú ẹ́ńjìnnì ní àṣejù, tàbí kó di afẹ́fẹ́ nínú páìpù, pọ́ǹpù ò ní rí epo fà.

ÀKÀNNÍ: Abájọ táwọn dírẹ́bà àtijọ́ fi ń da àkísà tútù bo pọ́ǹpù!

DÉLÉ: Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ooru ń gbà ló yẹ ká dí. Ṣé rọ́bà tó yí etí ẹ́ńjìnnì ká ṣì wà?

ÀKÀNNÍ: Wọ́n ti yọ ọ́ dànù tipẹ́, àti páànù kan lábẹ́.

DÉLÉ: Háà! Àwọn ló ń pààlà sáàárín atẹ́gùn tútù òkè àti ooru sáìlẹ́ńsà nísàlẹ̀. Láìsí wọn, ooru ara ẹ̀ ni fáànù tún ń fà. Ẹ dá wọn padà kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ike líle tó wà lábẹ́ pọ́ǹpù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Kẹ́ ẹ sì fi irú ẹ̀ sábẹ́ kábúrétọ̀, bí ìdérí ẹ̀yìn ò bá ní kàn án. Rọ́bà epo tó bá ti sán, ẹ̀gbọ́n, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lónìí. Mo bẹ̀ yín. Iná ló ń ti ibẹ̀ ṣẹ́.

ÀKÀNNÍ: Bó bá tún kọ̀ lójú ọ̀nà?

DÉLÉ: Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀yìn, kó fẹ́ díẹ̀. Bí òórùn epo bá pọ̀, ẹ tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹ má tẹ̀ ẹ́ léraléra, kẹ́ ẹ sì sítáàtì. Ẹ má bu epo sẹ́nu kábúrétọ̀ láéláé.

ÀKÀNNÍ: Kábúrétọ̀ tuntun yẹn ńkọ́?

DÉLÉ: Ẹ fowó ẹ̀ ra rọ́bà àti páànù.