Ilẹ̀kùn tí Kò Gbọ́ Àṣẹ

Àwa tí iṣẹ́ ìránṣẹ́ gbé dé ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn kan fún yín.

Níbi tí a ń gbé, ilẹ̀kùn gáréèjì ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbà wọlé ju ẹnu ọ̀nà iwájú lọ. Ẹ̀rọ ní í gbé e sókè, òun náà ní í sì í sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Tiwa tún ń gba àṣẹ láti orí fóònù, a sì ṣètò rẹ̀ kí ó máa ti ara rẹ̀ ní agogo mẹ́wàá alẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá tì lónìí, ní ọ̀la yóò sọ̀ dé ìdajì, yóò sì padà sókè. Láti inú gáréèjì yìí ni a ń gbà wọ ilé ìdáná, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ-ọmọ wa ń sáré gbà. Kí ilé ṣí sílẹ̀ di òwúrọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ọ̀rẹ́ kan ní kí a yọ ojú iná méjì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kí a so wọ́n kọ́jú síra lókè àjà, ilẹ̀kùn yóò sì máa tì láìjanpata. A kọ̀. Láti ọdún 1993 ni òfin Amẹ́ríkà ti béèrè irú ìdáàbòbò bẹ́ẹ̀ lára ẹ̀rọ gáréèjì ilé gbígbé tuntun, nítorí pé ilẹ̀kùn ti tẹ ọmọdé pa rí. Ìtànṣán tí ó wà láàárín ojú méjèèjì, tí kò ga ju íńṣì 6 lọ sí ilẹ̀, ni ẹ̀rọ fi ń mọ̀ pé ọmọ wà lábẹ́.

Ní yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ wa ni a ti kọ́ wa pé ohun kan ṣoṣo ni kí a máa dán wò lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, ní alẹ́ tí ilẹ̀kùn kọ̀, a fi fóònù sílẹ̀, a tẹ bọ́tìnnì ara ògiri. Ilẹ̀kùn tún padà sókè. A tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìjuwọ́ sílẹ̀, a sì ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. Ó tì pátápátá. Nípa èyí a mọ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì kò jẹ̀bi. Ojú iná ni. Irin tí ó gbé ọ̀kan dúró ti dẹ̀, ó ń gbọ̀n bí ilẹ̀kùn ti ń sọ̀ kalẹ̀. Okùn aláǹtakùn sì bo èkejì. A nù ún, a dè é le, títí iná kékeré ara rẹ̀ fi dúró láìṣẹ́jú.

Ó ku ẹyọ kan: ní àwọn alẹ́ mìíràn, àṣẹ kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ilẹ̀kùn. Wi-Fi 2.4 GHz nìkan ni ẹ̀rọ náà ń gbà, ògiri púpọ̀ sì wà láàárín. A gbé ẹ̀rọ tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì súnmọ́ gáréèjì, ọ̀rọ̀ sì parí.

Ẹ̀yin òbí, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ìdènà kan bá ń dí wa lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó ń ṣọ́, kí a tó yọ ọ́ kúrò. Kí ilé-ẹ̀kọ́ wa pẹ́ fún wa.